Súfèé Tí Mo Fi Tan Ajá Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó nítòsí mi. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má jáde, ìṣojú yín ni mo ti fẹ́ sọ ọ́. Dókítà ti sọ ohun tí ó sọ, mo sì ti gbọ́. N kò lè gbé ẹrù yìí pàdé Ẹlẹ́dàá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ Alábàárìn ni. Gbogbo ilé yìí mọ̀ pé ajá yẹn di ojú fún yín nígbà tí ojú yín fọ́. Ó mọ kòtò, ó mọ àtẹ̀gùn, ó mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń bọ̀. Bí ó bá rìn jìnnà, ẹ ó súfèé orin tí ìyá wa fi ń rẹ̀ wá nígbà tí a bá ń sunkún, orin náà kò sì ní tíì dé ìdajì tí yóò fi dé. Géètì pápá ìṣeré ni mo ń ṣọ́ nígbà náà. Òfin wà lára ògiri lẹ́yìn mi: ajá kò gbọdọ̀ wọlé, àfi èyí tí ń fọ̀nà han afọ́jú. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ Àdúrà Olúwa.

Lọ́jọ́ àṣekágbá ìdíje, ẹ mú Alábàárìn wá. Ẹ máa ń sọ pé etí lẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ ń pariwo fún àwọn tó tò sórí ìlà pé, "Àbúrò mi ni ọ̀gá géètì o!" Ni ẹni tí a jọ ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, tí a ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi, bá kọjú sí mi: "Àwọn méjì ló ń bọ̀ yìí. Èwo ni ẹ̀gbọ́n ẹ níbẹ̀?" Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Ẹni tó pọ̀n mí dàgbà ni ojú rẹ̀ tì mí! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òfin ti yí padà. Ajá ò wọlé mọ́." Ẹ ní, "Òfin lòfin. Bá mi tọ́jú ẹ̀, àbúrò. Kò dá wà rí." Mo fà yín lọ́wọ́ dé ìjókòó. Mo bọ́ ìjánu lára ajá, mo fi okùn so ó mọ́ irin lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ẹnu-ò-sinmi ní, "Ọmọ ìyá ẹ ń sunkún o, lọ rẹ̀ ẹ́!" Mo lọ tú okùn lára irin, mo ní kó máa lọ. Kò lọ. Mo sọ òkò lù ú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń wò mí bí ẹni pé mo ṣì í mọ̀ ni. Òkò kejì ló fi lọ. Nígbà tí eré parí, mo sọ fún yín pé, "Ó já okùn. Mo pè é títí, kò wẹ̀yìn."

"Kò wẹ̀yìn?"

"Kò wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n."

Ìbá ṣe pé ibẹ̀ ni mo dúró! Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Alábàárìn lẹ́nu géètì, níbi tí ẹ ti fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ń tiro, ó ń wọ́ odindi okùn nílẹ̀. Bí mo bá mú un wálé, ẹ ó fọwọ́ pa okùn náà àti ọgbẹ́ òkò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Awakọ̀ kan tó wá kó àga tí a yá fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀ tó jìnnà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú ajá lọ. Ajá kọ̀, kò gun ọkọ̀. Nígbà náà ni mo ṣe èyí tí kò jẹ́ kí n lè la ẹnu kọrin nínú ìjọ yìí: mo wọ inú ọkọ̀, mo súfèé orin ìyá wa. Ó fò wọlé, ó ń ju ìrù, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹ wà níbẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Pétérù gbọ́ àkùkọ, ó sunkún. Èmi gbọ́ ìgbe ajá nínú ọkọ̀, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ kò gba ajá mìíràn. Ìjánu rẹ̀ ṣì ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín. Mo gbọ́ tí ẹ sọ fún ìyàwó mi pé, "Bóyá mo ti di ẹrù fún Alábàárìn." Rárá, ẹ̀gbọ́n mi! Kò fi yín sílẹ̀. Ó padà wá. Èmi ni mo fi yín sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a fi sẹ́nu ọ̀nà, ègún ń bẹ lórí ẹni tó bá ṣi afọ́jú lọ́nà. Ẹ má fi òfin bo ìtìjú yín.

Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ náà n kò gbọ́ súfèé yín mọ́. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ súfèé orin ìyá wa. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ọ, n óò wá.