Ẹ̀ṣẹ́ Ẹ̀yìn Agogo

Alága wa, Olóyè Ọmọ́tọ́ṣọ́, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin àgbààgbà Ìkòtún tí ẹ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn yìí fún wa láti ìgbà tí àpò iyanrìn kan ṣoṣo tí a ń kan ẹ̀ṣẹ́ sí ni gbogbo ohun tí a ní, orí mi ń bẹ nílẹ̀. Kóòṣì mi, Ọ̀gbẹ́ni Akínlẹ́yẹ, ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ di ọwọ́ mi ní báńdéèjì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi, Abigail, ẹ kú àdúrà. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, tí ẹ fẹ́ mú mi lọ sí Ìbàdàn kí n lọ máa fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn jẹun, ẹ káàbọ̀. Ìyá kan wà ní ìlà kejì tí wọ́n fi ìborí funfun bo orí. Ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ wọ́n. Ìyá Ṣàfíù ni. Ẹ káàsán, mà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Alága ti ka gbogbo ìjà tí mo ti borí fún ẹgbẹ́ yìí, ẹ sì ti pàtẹ́wọ́ fún èmi Olútáyọ̀. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n yin òun lọ́jọ́ tí òun ń lọ? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ọdún méjì ni mo sì ti fi dákẹ́.

Ọjọ́ kan náà ni èmi àti Ṣàfíù wọ ẹgbẹ́ yìí, ní 1988. Akówọnjọ ló ti ń wá, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ránṣọ. Láàárọ̀, a máa ń sáré láti ibí dé Ìgàndo. Bó bá ti rẹ̀ mí, á yí padà, á máa fẹ̀yìn sáré níwájú mi, kí n lè máa rí ojú rẹ̀, kí n má bàa dúró. Irú ọ̀rẹ́ tó jẹ́ nìyẹn. Ó sì mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn jù mí lọ. Kóòṣì mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1989, wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan nínú àwa méjèèjì lọ sí ìdíje. Kóòṣì ní kí a jọ dán ara wa wò ní Ọjọ́bọ̀. Ní ráùndì tó kẹ́yìn, àlejò kan pe Kóòṣì sí ẹnu géètì, ó ku àwa méjì. Ṣàfíù ń kàn mí bó ṣe wù ú. Agogo tí Kóòṣì ti yí sílẹ̀ lù pé ráùndì parí. Ó sọ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó bọ́ ohun tó fi bo orí, ó yí padà láti mu omi. Mo kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́yìn etí òsì.

Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. N kò tíì parí.

Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Nígbà tó dìde, ohun tó sọ kò ju, “Táyọ̀, agogo ti lù.” Kò fẹjọ́ mi sùn. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó kú. Wọ́n ní ibà ni. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ibojì, mo bá wọn da yẹ̀pẹ̀, mo sì lọ sí ìdíje ní ipò rẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ni mo kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀, ó ń nà mí gidi. Ní ráùndì kejì, ó ṣàdédé gbójú sókè, ó ń wo ẹ̀yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Mo kàn án, ó ṣubú. Nígbà tó jí, ó bi mí pé, “Ta ni ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ, tó fọwọ́ di etí òsì mú?” Àárín ríìngì la wà. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi.

Ìyá mi mú mi lọ sí ìjọ wa aláṣọ funfun ní Bárúwà. Màmá Matilda, tó máa ń tẹ́ ẹní fún àwọn tó bá wá gbàdúrà, tẹ́ ẹní méjì fún mi. Ìyá mi ní èmi nìkan ni. Màmá wo ẹ̀gbẹ́ mi pẹ́, wọ́n wá rọra ní, “Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì náà kúnlẹ̀.” Mo sá jáde.

Ọmọ Benin kan tún bi mí ní ìbéèrè yẹn kan náà. Sójà kan láti Kàdúná fi Hausa sọ ọ́, kóòṣì rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀: ó ní ẹni tó di etí mú ń mi orí sí òun pé ó tó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ ara wọn rí. Ta ló sì mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ mi bà, bí kò ṣe èmi àti ẹni tó ti wọlẹ̀?

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Nígbà tó yá, ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Mo ń retí rẹ̀. Bí ojú ẹni tí mo ń bá jà bá ti gbé sókè báyìí, mo ti mọ̀ pé ó tó àkókò. Mo sọ òkú ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ kẹta.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé gbé ìwé àdéhùn wá kí n fọwọ́ sí i. Mo kọ orúkọ mi tán, wọ́n wò ó, wọ́n bi mí pé ṣé Ṣàfíù ni orúkọ mi kejì. Mo gba ìwé náà wò. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Mo gba Akówọnjọ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìyá Ṣàfíù gbé aṣọ tí wọ́n ń rán sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ohun gbogbo láìjá mi lẹ́nu. Wọ́n ní, “Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ ti sọ fún mi pé ẹ̀yìn etí rẹ̀ wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí ẹni tí yóò wá.” Wọ́n bu omi fún mi. N kò lè mu ún. Wọ́n ní, “Lọ sọ ọ́ létí gbogbo ayé, kí wọ́n yé sọ pé ibà ló pa ọmọ mi.”

Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyí.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé fi ẹnì kan dán mi wò, láìsí ohun ìborí, bí àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn jẹun ṣe ń jà. Ojú ọkùnrin náà kò kúrò lára mi. Ó nà mí ní ráùndì mẹ́rin, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, mo dìde lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi. Ọkàn mi fúyẹ́, àárò sì sọ mí débi pé mo sunkún nínú ríìngì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé èyí fún yín?

Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé ní àwọn yóò ṣì mú mi lọ. Lẹ́yìn ohun tí ẹ gbọ́ yìí, sà, bí ẹ bá yí ọkàn padà, n kò ní bínú. Alága, àwọn mẹ́dàlì mi tó wà lára ògiri, ẹ bá mi sọ wọ́n kalẹ̀. Èmi kọ́ ni mo gbà wọ́n. Kóòṣì, mo tàn yín jẹ, ẹ foríjì mí. Ìyá mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn yín, ẹ má ṣẹ́ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní já yín kulẹ̀. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún yín yóò ṣẹ. Ọmọ tí ẹ bá rán jáde láàárọ̀, ojú yín yóò rí i nírọ̀lẹ́. Ìyá Ṣàfíù, àdúrà yẹn ti kọjá lọ́dọ̀ yín, èmi ni mo sì mú un kọjá. Ìsinmi ló kù tí mo lè tọrọ fún yín, èmi yóò sì máa tọrọ rẹ̀ níbikíbi tí mo bá wà.

Ẹ ṣé o.