Orúnkún Màámi ni Mo Jí

Ẹ̀yin ìyá àsàlátù, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má ṣàdúà kankan fún mi lónìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ ní kí Ọlọ́run fún gbogbo yín lọ́mọ bíi Hassanat, èmi náà sì ṣe àmín. Àmín kẹ̀! Ẹnu tí mo fi ṣe é ò tilẹ̀ ya! Bí mo bá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, yóò pa mí.

Ẹ mọ ìdí tí Màámi fi gbà kí wọ́n pààrọ̀ orúnkún òun. Ọdún mẹ́rin ló fi kírun lórí àga. Ó ní òun fẹ́ fi iwájú orí kan ilẹ̀ kí òun tó kú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Wọ́n wá fún wa ní bẹ́líìtì kan tó ní ẹ̀rọ kékeré lára, pé kí n máa so ó mọ́ orúnkún náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, kí Màámi máa ká ẹsẹ̀, kó máa nà án. Bó bá ṣe ń ká a ni ẹ̀rọ ń kà á, tó ń gba inú fóònù mi fi ránṣẹ́ sí Jean-Claude, kiné tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ ní àdúgbò Charbonnages, ká má baà máa wọ takisí láti àdúgbò wa ní Derrière la Prison lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Màámi figbe ta. "Hassanat, o fẹ́ pa mí ni?" Ó ń sunkún, èmi ń wo aago, torí ṣọ́ọ̀bù mi wà ní títì. Ẹ má sọ pé àánú ló ṣe mí o. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn, irọ́ ni! Mo sọ fún un pé Jean-Claude ní kó sinmi. Mo gbé bẹ́líìtì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo so ó mọ́ orúnkún èmi fúnra mi lábẹ́ aṣọ, mo sì kírun Àìlà. Rúkúù mi, ìforíkanlẹ̀ mi, ìjókòó mi, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ kà sí ti Màámi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Jean-Claude fi ohùn ránṣẹ́: "Bravo, maman! Mi ò rí irú èyí rí." Ẹ̀rọ ló ń wò, kò wo ìyá. Inú ń bí mi sí òun náà, àmọ́ èmi olè tó ń jalè lórí ẹní ìrun, ta ni mo fẹ́ bá wí?

Nígbà tí nǹkan oṣù mi dé, tí mi ò lè kírun, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kà mọ́. Jean-Claude pè, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Kàkà kí n jẹ́wọ́, ẹsẹ̀ Sheriffdeen ọkọ mi ni mo tún so ó mọ́. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rọ ò mọ ojú èèyàn. Mú un wá jàre."

Èyí tó burú jù nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Jean-Claude pè wá lórí fídíò. Màámi ò gbọ́ Faransé, èmi ni ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé orúnkún yìí ti gan, kò ká. Bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wò ó." Mo kọjú sí fóònù: "Ó ní òun ń kí yín, ara òun ti le." Jean-Claude ní bí ó bá ń dùn ún, kí n tètè mú un wá. Mo yíjú sí Màámi: "Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, ẹ ní sùúrù." Màámi ní, "Ó dáa, ìyá mi." Ó gbà mí gbọ́! Hassanat, o ò ṣèèyàn!

Lóṣù tó kọjá tí a lọ fún àyẹ̀wò, dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màámi, ojú rẹ̀ yí padà. Inú orúnkún ti dì. Ó ní àwọn lè tún un là, àmọ́ kí a má retí ìkúnlẹ̀ mọ́. Ó wá ń nàka sí iye tí ẹ̀rọ kà, ó ń mi orí. Màámi wò ó, ó wò mí. "Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n ń kà?" Mo jẹ́wọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbọ́ èdè ìlú yìí ju àwọn òbí yín lọ, ẹnu yín ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ara wọn. Ẹ má fi parọ́ mọ́ wọn.

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ dárí jì mí." Ó wo orúnkún mi títí. Ó ní, "Dìde. Má kúnlẹ̀ fún mi mọ́." Láti ọjọ́ náà, ìdúró ni mo fi ń kí i láàárọ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ bí ọmọ ṣe ń tọrọ àforíjì lórí ìdúró.