Èènì Tí Wọ́n Fi Sí Kíndìnrín

Ibi tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní Whalley Range nílùú òyìnbó ni mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá lọ́jọ́ náà, torí ìyá kan àti ọmọbìnrin kan tó wọṣọ nọ́ọ̀sì tó ń bá a ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níwájú mi.

"Mummy, ẹ wo ibí. Máàkì tí kíndìnrín yín gbà gan-an nìyí, ó kéré. Kọ̀ǹpútà wá fi díẹ̀ lé e torí pé ẹ jẹ́ Black."

"Fi díẹ̀ lé e báwo? Bí èènì?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bí èènì. Wọ́n ní àwa dúdú lẹ́ran lára ju òyìnbó lọ, pé ẹran ló ń fa máàkì wa sílẹ̀."

"Ẹran wo? Èmi tí mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí?"

"Gbogbo wa ni wọ́n ń fi í fún, mummy. Wọn ò kọ Black sí àyẹ̀wò yín tàkọ́kọ́, ìyẹn ni máàkì ibẹ̀ fi kéré. Eléyìí ni wọ́n kọ ọ́ sí."

"Mo mà ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé máàkì mi ròkè! Gbogbo ìjọ ló pàtẹ́wọ́." Ìyá náà kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Ká ní òyìnbó wá ni mí ńkọ́?"

"Máàkì yín ì bá kéré tó láti rí consultant, ọ̀gá dókítà kíndìnrín. Àwọn tó kéré ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè."

Ìyá náà tẹ̀ síwájú, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú jáde nínú bàtà.

"Ẹsẹ̀ yìí ńkọ́," ó ní, "ṣé wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n fún mi léènì?"