Ọdún Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Alága wa, Yolanda Pettway, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni kí n fi sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ sì ti ń wo aago báyìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbààgbà tẹ́ ẹ wà níwájú, tẹ́ ẹ ti ń bá àpérò yìí bọ̀ kí irun yín tó funfun, mo kí yín. Ẹ̀yin àlejò tẹ́ ẹ ti àwọn yàrá ìjíròrò yòókù wá, títí kan ẹ̀yin òyìnbó mẹ́rin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àna tó kọ́kọ́ wá kí wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ gbé adìyẹ wọ̀nyí wá, mo kí yín lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, ẹ óò gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, ẹ̀yin obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò sí nínú méjèèjì, adúláwọ̀ àti gbogbo aláwọ̀ tí kì í ṣe funfun, ẹ kú ìjókòó. Èmi ò tíì jókòó níbí rí, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ.

Orúkọ mi ni Wendell Tubbs, ọmọ Memphis. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà káàkiri àdúgbò, ajá mẹ́rin ló sì bù mí jẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù ni iṣẹ́ ọ́ṣà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn dúdú mọ ohun tí mò ń wí: kéèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ìbọ̀wọ́ funfun, ọwọ́ òsì lẹ́yìn, ojú síwájú, kó máa mú oníkálùkù lọ síbi ìjókòó rẹ̀. Tí àdúrà bá ń lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé. Bí gómìnà bá dé, kó dúró. Bí òjò bá ń pa á, kí òjò máa pa á. Ọ́ṣà ni bàbá wa, ọ́ṣà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ardelia, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí tí mo ti wọ ìbọ̀wọ́ tèmi.

Nígbà tí mo di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ pé ọkùnrin ni mò ń fẹ́. Ta ló sọ fún wọn? Èmi ni. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọ́ṣà la wà, wọ́n tún bi mí pé ìgbà wo ni màá gbéyàwó, ó sì ti rẹ̀ mí. Olórí ẹgbẹ́ ní kí n bọ́ ìbọ̀wọ́ mi sórí tábìlì. Mo bọ́ ọ. Ardelia jókòó ní ìkángun tábìlì yẹn, ìbọ̀wọ́ ló ń wò, kò wò mí. Láti ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ ìyá mi ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ìlú kan náà la sì wà o. Èmi gan-an ni mò ń pín lẹ́tà ní òpópónà rẹ̀. Màá fi tirẹ̀ sínú àpótí lẹ́tà, màá sì kọjá sí ilé tó tẹ̀ lé e.

Lọ́dún kejì ni mo gbọ́ nípa àpérò yìí. Denver ni wọ́n ti ṣe é, ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn, gbogbo wọn ló wá jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ẹni bíi tiwa. Mo ní ó tán, mo ti délé. Mo wọ kóòtù dúdú mi, mo ki ìbọ̀wọ́ tuntun sápò, nítorí mi ò mọ nǹkan mìíràn téèyàn ń wọ̀ lọ síbi tí èrò bá pọ̀ sí. Mo dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ńlá, mi ò rí ọ́ṣà kankan. Ńṣe ni kálukú ń wọlé bí ewúrẹ́. Mo dúró kí ẹnì kan wá mú mi lọ síbi ìjókòó. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tó ṣe, mo wọ ìbọ̀wọ́ mi, kí ọwọ́ mi ṣáà rí nǹkan ṣe. Òyìnbó kan bá gbé kóòtù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ibo ni kọfí wà?" Mo júwe ibi tí kọfí wà fún un. Ẹnì kejì gbé tiẹ̀ wá. Kí n tó mọ̀, kóòtù mọ́kànlá ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú lọ́hùn-ún pé a ò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi kún.

Olóògbé Ernestine Boykin ló rí mi níbẹ̀. Obìnrin kúkúrú, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹni tó dá yàrá tiwa yìí sílẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ṣé òtẹ́ẹ̀lì yìí lo ti ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Wọ́n wá ń sanwó fún ẹ?"

"Rárá, mà."

"Kó ẹrù àwọn ẹlẹ́rù sílẹ̀ kó o tẹ̀ lé mi jàre. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lo fẹ́ ṣe, wá ṣe é fún wa."

Ó mú mi lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí yàrá tí wọ́n fún àwọn èèyàn wa, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín. Èèyàn mọ́kàndínlógún la jẹ́. Bí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹ̀rọ á da yìnyín sílẹ̀ tariwotariwo, a óò dúró kó parí, ẹni náà á sì máa sunkún rẹ̀ lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. Mi ò tíì kúrò níbẹ̀ dòní. Ẹ wo bí a ṣe pọ̀ tó lónìí, ẹ tún rí i pé àwo la fi ń jẹun, kì í ṣe pépà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Yolanda, tó bá wọn ja ìjà àwo fún ọdún mẹ́ta.

Kò rọrùn ṣá. Mo lọ sí ìjíròrò kan lórí ilé gbígbé fún àwọn arúgbó, wọ́n ní kí n sọ ohun tí àwọn èèyàn dúdú ń rò. Mo ní mi ò tíì rí gbogbo wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mọ àwọ̀ mi, wọn ò fẹ́ mọ ẹni tí mo fẹ́ràn. Ní gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí mo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kóòtù ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan lóde: ta ló wá mọ iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà tó irú wa?

Rogelio Ibarra ló ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi lónìí. Ọmọ Mẹ́síkò tó dàgbà sí Texas ni, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì tiwa rí. Lọ́dún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń juwọ́ séèyàn bí ẹni tó ń dá takisí dúró. Ẹ wò ó nísinsìnyí, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí mo ṣe kọ́ ọ. Tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé.

Ó wá kan ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo máa ń kanra láràárọ̀, mo mọ̀. Mo ti lé ẹni tó ń jẹ ìpápánu síta rí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìbọ̀wọ́ yìí ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọwọ́ mi.

Lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ní St. Louis, à ń ka orúkọ àwọn òkú wa. Orúkọ mọ́kànlélógójì ni lọ́dún náà. Mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ẹnì kan kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́. Mi ò ṣí i. Nígbà tí a ka nǹkan bí ogún orúkọ, ó tún kàn án. Mo fi gìgísẹ̀ tì í mọ́lẹ̀. Ìgbà tí a kà á tán tí mo ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́nì kan lóde. Àwo kan ló wà lórí tábìlì ìforúkọsílẹ̀, kéèkì wà nínú rẹ̀, aṣọ bò ó. Wọ́n gé díẹ̀ fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé yìí tó máa ń gbàgbé pé òun ti fi iyọ̀ sí kéèkì, tí á tún fi òmíràn sí i. Mo bi ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì pé ta ló gbé e wá.

Ó ní, "Màmá kan ni, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì àwọn ti fẹ́ lọ. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ẹ ò ní ṣílẹ̀kùn, pé bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni pé mo mọ ẹni tó ṣe kéèkì, mo jẹ ẹ́ tán, mi ò sì sọ nǹkan kan fún ọdún mẹ́fà. Èmi tí mò ń pín lẹ́tà fún gbogbo ayé. Lákọ̀ọ́kọ́, inú ń bí mi pé ó pẹ́ kó tó wá. Nígbà tó yá, ojú ń tì mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn ti mọ́ mi lára. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ mi ni mo tì mọ́ ọn, ó sì dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà, mo gun àkàsọ̀ ilé Ardelia, mo kan ilẹ̀kùn. Ó jẹ́ kí n dúró dáadáa. Ó wá yọjú.

"Àwo mi dà?"

Mo ní ó wà nílé mi.

"O wá ń kan ilẹ̀kùn ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́ òfìfo."

Ó sì ṣí i fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí a ti jọ ń jẹun lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n kò gba àwo náà. Ó ní ibi tí mo ti gbà á ni kí n ti dá a padà, bẹ́ẹ̀ ló sì tún ní òun ò ní wá síbi tí wọn ò ti ṣílẹ̀kùn fóun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá mi rò ó wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí orúnkún òun bá gbà. Àwo ọ̀hún ló wà níwájú mi yìí, ẹ má fi adìyẹ sí i.

Mo gbọ́ o. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn.

Rogelio ò mira. O káre, Rogelio, bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn. Ṣílẹ̀kùn.

Mo mọ̀ pé mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Ṣí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré lọ dì í mú, kò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Àwo yín rèé. Kí lẹ wí? Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń béèrè bóyá mo fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́, mà.

Ẹ jẹ́ n ṣàdúrà fún yín, kí Yolanda tó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. Kí orúkọ tí a óò kà lọ́dún tó ń bọ̀ má pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yìnyín mọ́. Ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá kàn, kó ṣí. Ẹni tó bá tì yín síta, kó má rí oorun sùn. Rárá, Ardelia ń wò mí. Kó sùn dáadáa, kó jí, kó wá ṣílẹ̀kùn.

Ó ti wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wà lẹ́yìn, ó ń dúró dè mí. Àga kan ṣófo níwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mú mi lọ jókòó.