Kàyé Bàbá Wà Nínú Àpótí Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ. Dassa ni mo ń gbé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kọlẹ́ẹ̀jì kan. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Kì í ṣe pé mo ti di èèyàn rere ni mo fi ń kọ̀wé, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ mú bàbá arúgbó kan lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn wèrè. Bàbá yẹn kì í ṣe wèrè. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Òun ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo wà ní ọmọ iléèwé. Ọmọ Soclogbo ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, Mùsùlùmí ni àwa, bàbá mi ń ta aṣọ lọ́jà, síbẹ̀ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ṣe mú mi. Lọ́jọ́ Àìkú mo máa ń lọ bá a níbi àpáta tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti máa ń kọ kàyé rẹ̀.

Ìwé ìkọ̀wé onílà lásán ni kàyé yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa òfin, ìwà burúkú àti ìbẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n túmọ̀ sí láyé àtijọ́. Inú ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan tí èèpo rẹ̀ ti ya ló ti ń ṣà wọ́n. Ó ní "villain" tí wọ́n fi ń pe ọ̀daràn lónìí, àgbẹ̀ lásán ló ń jẹ́ nígbà kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbogbo àgbẹ̀ abúlé Akofodjoulè ni ì bá wà lẹ́wọ̀n nìyẹn!" Ó ní "awe" tí wọ́n fi ń sọ ìyanu, ẹ̀rù gidi ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù tí í mú orúnkún gbọ̀n. Ó ní "law", ohun tí a gbé kalẹ̀ ni. Ó mú òkúta tó fi ń tẹ kàyé mọ́lẹ̀, ó gbé e síwájú mi.

"Ohun tí a bá gbé kalẹ̀ kì í rìn, ọmọ mi. Bí o bá rí i níbòmíràn, ẹnìkan ló gbé e."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó ní wọn á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, arúgbó tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú elédè Faransé. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀wé, ìkan náà ni gbogbo ìwé ọkọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

Èmi wá ń ṣe ìwé ìwádìí tí a fi ń parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Ọjọ́ ti sún mọ́, mi ò tíì kọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àìkú kan mo dé ibi àpáta, Bàbá ò tíì ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kàyé wà lábẹ́ òkúta. Mo gbé òkúta yẹn kúrò, mo mú kàyé lọ sílé. Mo ní ojú ewé méjì péré ni màá dà kọ, màá dá a padà. Irọ́ ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà kọ. Mi ò fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kódà lójú ewé ìdúpẹ́, èmi ọ̀dájú yìí. Àwọn tó yẹ ìwé mi wò bi mí bí mo ṣe rí àwọn ọ̀rọ̀ náà kó jọ. Mo ní ọdún méjì gbáko ni mo fi wá wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kàyé. Ó wá a nílé, ó wá a lórí òkè, ó ń yí òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ní, kàyé wo? Bàbá á pariwo pé, "Kàyé kì í rìn! Ẹnìkan ló gbé e!" Ó di ojoojúmọ́. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Lóṣù tó kọjá ó ṣubú lórí àpáta, eyín rẹ̀ méjì kán.

Mo lọ kí i. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyí. Ó dìde jókòó, ó nàka sí mi, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Bi í. Ó ti rí i rí."

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, nítorí Ọlọ́run, ṣé o rí kàyé kankan lọ́wọ́ bàbá rẹ rí?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Mi ò rí i rí."

Bàbá wò mí títí. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú! Ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀, ó ní, "Bí ìwọ náà bá ní o ò rí i, a jẹ́ pé lóòótọ́ ni orí mi ti dàrú."

Láti ọjọ́ yẹn kò gun òkè mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà tó wà ní Kútọnu ló ní òun á mú un lọ sí ilé àdúrà tí wọ́n ti ń de wèrè. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n mú òun lọ. Wọ́n kàn ń dúró kí àwọn èrò ìjọ Àgùdà tó wá ṣe ìrìnàjò mímọ́ ọdọọdún ní Arigbo tú ká ni, kí ọkọ̀ lè wà. Wọ́n ti ń tú ká báyìí, mò ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ wọn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kàyé wà nínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó mi. Mo gbìyànjú láti sun ún nígbà kan, mo tún yọ ọ́ nínú iná. Etí rẹ̀ kan ti jó. Mo ti rò ó pé kí n yọ́ lọ fi í sábẹ́ òkúta, kí Bàbá rí i. Ṣùgbọ́n wọn á rí ibi tó jó, wọn á ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ sun ún, wèrè náà ti dójú ẹ̀ nìyẹn. Àfi kí n la ẹnu.

Bí mo bá sì la ẹnu, wọn á gba ìwé ẹ̀rí mi, wọn á lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ojú á ti bàbá mi lọ́jà. Bí mi ò bá là á ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Mi ò lè kírun kí ọkàn mi pa pọ̀ mọ́. Bí ọmọ iléèwé bá nawọ́ sókè láti béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n máa gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Láàárọ̀ yìí mo wọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì láti lọ sílé wọn, mo tún bọ́ ọ. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, Màmá ni àbí Bàbá? Báwo ni mo ṣe máa wo ojú ẹni tó gbà mí gbọ́ ju orí ara rẹ̀ lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì. Bàbá ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.