Ètè Clifford Kò Tíì Tán

Ẹ gbé ife tíì yín kalẹ̀ ná, ẹ sì jẹ́ kí búrẹ́dì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ yẹn dúró díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má wù yín jẹ mọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, àmọ́ ó ti tó gẹ́ẹ́. Doreen ló ní kí n dìde. Ó ní èmi Stanley Hebblethwaite ni kí n sọ̀rọ̀ nípa Clifford bàbá òun lónìí tí a sin ín, nítorí bàbá òun máa ń sọ pé èmi nìkan ni olóòótọ́ tó kù ní àfonífojì yìí. Dókítà ti sọ tèmi náà fún mi, n kò ní rí ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ gbọ́: mo fi irọ́ pa Clifford Barraclough nígbà tó ṣì wà láàyè.

Ẹ mọ bí àwa ará Yorkshire ṣe ń fi ẹnu wa yangàn. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ní ọjà tiwa, òtítọ́ kì í kùtà, pàápàá èyí tó bá lè gé ẹlòmíràn jẹ. Ẹ wo iye orúkọ tí a sọ ọ́. Ẹni tó là á mọ́lẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, a ní frank ni. Ẹni tí a bi léèrè tí kò fi nǹkan pamọ́, candid. Ẹni tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì, straight. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni blunt, orúkọ ẹni tí kì í rọ ọ̀rọ̀, tí a tún ń lò fún ọ̀bẹ tí kò mú. Ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kì í gé ẹran, yíya ló ń ya á. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí tó ń béèrè ohun tó wà níkùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Nígbà èwe wa, èmi ni mo wà ní àga àkọ́kọ́, àga ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn jù, láàárín àwọn tó ń fọn kọ́nẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ onífèrè idẹ wa. Bàbá mi ló jókòó síbẹ̀ kó tó kàn mí. Mo wá ṣubú nílé iṣẹ́ aṣọ, eyín iwájú mi yọ, ètè mi kò lè di ẹnu fèrè mú dáadáa mọ́, mo sì ń díbọ́n pé kò sóhun tó ṣe fèrè mi. Gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀, wọ́n dákẹ́. Clifford tí í ṣe ọ̀rẹ́ mi ló dìde níbi ìdánrawò, bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fìlà rẹ̀ wà lórí itan.

Ó ní, “Stanley, kí n má parọ́ fún ọ, ètè rẹ ti tán. Fi fèrè sílẹ̀ kó o tó sọ ara rẹ di ẹlẹ́yà.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni Clifford sọ, òótọ́ náà gan-an ló jẹ́ kí n kórìíra rẹ̀. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá gbá a létí, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Bàbá mi kò wo ojú mi títí a fi délé. Clifford gba àga náà, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ nínú mi pé ọjọ́ tèmi ń bọ̀.

N kò lè fọn mọ́, ṣùgbọ́n etí mi kò bàjẹ́, mo bá di adájọ́ ìdíje fèrè. Mi ò pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Ọmọ àbúrò mi gan-an, ipò ìkẹyìn pátápátá ni mo fi í sí. Wọ́n ní Stanley kì í wojú ẹnikẹ́ni. Wọn ò mọ̀ pé ṣe ni mo ń fi òótọ́ ọ̀pọ̀ ọdún bọ́ irọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ náà dé níbi ìdíje orin jẹ́jẹ́, níbi tí olúkúlùkù ti ń dá dúró fọn orin tirẹ̀. Wọ́n ti adájọ́ mọ́ inú àgọ́ aṣọ kó má baà rí ẹni tó ń fọn, nọ́mbà nìkan ló ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni mi ò mọ̀ lára Clifford? Ó máa ń fa èémí kékeré kan kó tó gun ohùn òkè, níbi tí kò sí ẹlòmíràn tó ń mí. Nọ́mbà kẹrin fa èémí yẹn. Ó wá fọn orin náà débi pé mo sunkún nínú àgọ́, èmi ìkà. Mo nu ojú mi, mo jáde, mo dúró níwájú gbogbo èrò.

Mo ní, “Kí n má parọ́ fún un, nọ́mbà kẹrin, ètè rẹ̀ ti tán. Kó fi fèrè sílẹ̀ kó tó sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́yà.”

Àwọn èèyàn wojú ara wọn. Etí wọn sọ ohun kan fún wọn, orúkọ mi sọ òmíràn, orúkọ mi ni wọ́n gbà gbọ́. Clifford kò tilẹ̀ rántí pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni mo dá padà. Ìyẹn tún bí mi nínú sí i.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Ó wá bá mi níta nínú òjò, ó fi kóòtù bo fèrè rẹ̀. Ó ní, “Stanley, ìwọ kì í tan èèyàn. Èmi ni nọ́mbà kẹrin. Ṣé ó ti tán lóòótọ́?”

Mo lè tún un ṣe níbẹ̀, àwa méjì péré ni. Ojú bàbá mi lọ́jọ́ ìdánrawò yẹn ni mo rí. Mo ní, “Ó ti tán, Cliff. Ó ti pẹ́.”

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “O ṣeun. Àwọn yòókù ì bá máa tàn mí.”

Ó sì dùn mọ́ mi, ẹ̀yin ará. Mo ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún lọ́nà ilé, mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ìka mi. Láti ọjọ́ náà, kò fọn mọ́. Ní gbogbo Kérésìmesì tí ẹgbẹ́ bá ń fọn orin láti ilé dé ilé, ẹ̀yin náà rí i, ṣe ni Clifford máa ń fa aṣọ fèrèsé rẹ̀ dé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ dúró nídìí ilẹ̀kùn pẹ̀lú fèrè yín, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí òun má parọ́ fún yín, ẹ kọ́kọ́ rò ó bóyá ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́ rí.

Doreen, o bi mí lánàá bóyá bàbá rẹ tilẹ̀ mọ fèrè fọn, nítorí o kò gbọ́ ọ rí. Èsì rẹ rèé: mi ò gbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn tó bàbá rẹ rí. Mo bẹ̀ ọ́, forí jì mí. Mi ò lè sọ pé ìbínú sí i ti tán nínú mi, torí mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín tí ẹnì kan rín níwájú bàbá mi. Èyí tó kù kù sí ọ lọ́wọ́. Má pọ́n mi lé, má tìtorí àìsàn mi rọ ọ̀rọ̀. Dá mi lóhùn níbí, kí gbogbo wọn gbọ́, bí bàbá rẹ ì bá ti sọ ọ́.