Tápẹ́ẹ̀tì Àlòkù Tí Mo Pè Ní Tuntun

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ìgbà tí ogun abẹ́lé parí. Ǹ bá gbé e mì, ṣùgbọ́n oore tí wọ́n ń ṣe mí lórí rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì tọ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin.

Mẹkáníìkì ni mí ní Ìlobù. Bàbá Àkànní, àgbẹ̀ kan ní Ìfọ́n, ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tó ti darúgbó. Òun ló ń gbé aboyún àdúgbò wọn lọ sí ọsibítù l'Óṣogbo. Wọ́n ní kí n sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀, kí n tún un tò. Tápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, àwọn irin kéékèèké tó ń ti fáàfù, ìyẹn ọmọrí ihò ẹ́ńjìnnì, kó lè ṣí, ọ́ìlì ló ń kún inú wọn kí wọ́n má baà pariwo.

Bàbá ní, "Àdìó, bá mi ṣa èyí tí kò ní pariwo, tí kò sì ní já wa kulẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló ń gbé o."

Mo wá tuntun dé Òṣogbo, n ò rí. Ǹ bá bẹ Bàbá kí wọ́n ní sùúrù, ìgbéraga ò jẹ́. Mo ti fọ́nnu káàkiri Ìlobù pé ọkọ̀ náà á jáde kí iṣu tuntun tó dé. Mo lọ tú ti ọkọ̀ kan tó ti kú sí Ẹ̀rìn, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Tápẹ́ẹ̀tì gidi tó bá ti mu ọ́ìlì yó, àtàǹpàkò ò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tèmi ń wọlé bí ẹ̀kọ. Mo tò wọ́n síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pariwo; mo da ọ́ìlì tó ki sínú ẹ́ńjìnnì láti fi bò ó, ariwo sì dákẹ́.

Bàbá ní kí n fi irin búra pé tuntun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Sukudiráfà ni mo mú, èèkù onígi rẹ̀ ni mo fi kan ẹnu. Mo rò pé mo gbọ́n ju Ògún lọ.

Kò pẹ́, ìyàwó ọmọ Bàbá rọbí. Ẹ́ńjìnnì gbóná, ọ́ìlì tó ki náà dà bí omi, tápẹ́ẹ̀tì ń ró gbà-gbà-gbà, ọkọ̀ sì kú sójú ọ̀nà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú lọ́rì kan títí dírẹ́bà fi gbé wọn. Tìyá tọmọ yè. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Nígbà tí mo tú ẹ́ńjìnnì, Bàbá mú tápẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé. Wọ́n wò mí títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Ó tó, Àdìó. Jẹ́ ká lọ wá gidi n'Ìbàdàn."

Wọ́n bá mi lọ. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú lóṣù tó kọjá. Ká ní wọ́n sọ ọ́ ni, ta ni ì bá gbé ọkọ̀ wá fún mi mọ́? Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìyá ọmọ náà ò mọ̀. Lọ́dọọdún ló ń gbé iṣu wá, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin lẹ gbà mí." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọmọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Ó ní òun á mú un wá kí n gbọ́wọ́ lé e lórí, kí n súre fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọwọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nínú ìyá rẹ̀ nìyí. Ṣé kí n gbé e lé e lórí?